Ẹ Gbé Fọ́tò Náà Kúrò ní Pálọ̀

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó Bàbá. Mo gbọ́ pé ẹ ti gbé fọ́tò mi kọ́ sí pálọ̀, àti pé Bàbá ń pè mí ní ọ̀gá níwájú àwọn àlejò. Inú mi dùn púpọ̀.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àdúgbò wa níbí ló gbà mí. Ilé olówó kan tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n sì máa ń ṣí i fún àlejò ní gbogbo Sátidé. Iwájú gan-an ni wọ́n fi mí sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kóòtù elébọ́tìnnì wúrà tí mo wọ̀ nínú fọ́tò yẹn, nínú gbogbo ẹgbẹ́, èmi nìkan ni wọ́n ní ó bá mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Ṣé ère ni èyí?" Ẹ mọ̀ pé mi ò lè rí àgbà kí n má kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ìyá àgbà náà figbe bọnu.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀? Ìránṣẹ́ ilé yìí kì í sọ̀rọ̀!" Ó ń bá mi ṣeré ni o. Ẹ̀rín ni mo fi rín.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fọ́tò náà wọ yàrá, níbi tí àlejò kì í dé. Oòrùn máa ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹgbẹ́ wa ló kọ́ mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí télọ̀ tó fẹ́ rán irú kóòtù yẹn fún ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má tíì gé aṣọ.

Èmi ọmọ yín ni.