Sátidé Láìsí Tẹ́tẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, gbogbo Sátidé ni mo ń ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Màá wá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù aláìlágbára tó ń gba alágbára lálejò, màá fi owó lé e lórí fóònù. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pè mí láti Ṣàgámù tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù púùlù dé, níbi tí ẹ ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù òyìnbó? Ẹ á ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ, pé ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ kò ṣeé fojú di. Ẹ máa ń pàdánù ṣáá, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ti na ẹgbẹ́ tí mo fowó lé, á dà bíi pé ẹ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

Déjì ọkọ mi kò bá mi jà. Ẹ mọ̀ ọ́n, onísùúrù ni. Lọ́jọ́ tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó bá mi nídìí fóònù, ó kàn bi mí pé, "Ta lò ń ta tẹ́tẹ́ yìí fún?" Mi ò lè sọ pé fún bàbá mi tó ti kú. Mo pa áàpù tẹ́tẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù níṣojú rẹ̀.

Àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi Sátidé ṣe, Bàbá? Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Wythenshawe, níbi tí à ń gbé nílùú òyìnbó níbí, mo lọ sí pápá ẹgbẹ́ kékeré yẹn gan-an, èyí tí ẹ kì í yé ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Ẹ mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ará ilé, ẹ ò sì fi ojú kàn wọ́n rí. Ó dùn mí pé mi ò mú yín wá.

Àwọn àlejò ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé kí tiwa tó gbá ẹyọ kan. Mo hó títí ohùn mi fi há. Mo ti tẹ nọ́ńbà yín kí n tó rántí. Mo bú sẹ́kún. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó tì mí rò pé ayọ̀ ni, ó dì mọ́ mi.

Mi ò kúrò níbẹ̀ títí fèrè fi dún. Wọ́n nà wá. Mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé tó ń bọ̀, tèmi àti ti Déjì.

Ẹ sùn re, Bàbá.
Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín dé ojú ikú.