Ohùn Òkè Tí Mi Ò Gbọ́

Sátidé, Alápẹ̀rẹ̀

Ní kíláàsì Masters ẹ̀kọ́ orin lónìí, olùkọ́ wa tẹ ohùn òkè kan lórí dùùrù, ó ní kí n fẹnu gbé e. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Olùkọ́ náà ní, "Mummy, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tẹ̀ ẹ́ o." Mo tó bí i. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ wà ní kíláàsì ń wolẹ̀.

Mo parọ́ pé fáànù ló ń pariwo.

Ṣadé, ọmọ iléèwé tí mo ti ń kọ́ wọn lórin, ló wá sí mi lọ́kàn. Ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, mo lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin iléèwé wa, mo ní kò lè gbé ohùn òkè. Ó sunkún: "Aunty, mò ń gbé e."

Àwọn ọmọ yòókù ní òótọ́ ló sọ. Mo ní kí wọ́n panu mọ́.