Ìlérí Tí Wọ́n Fi Sí Yín Lẹ́nu

Bàbá mi àtàtà,

Ìbò ti dé, ó ti lọ, orúkọ yín sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí pé bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń yí ọkàn ènìyàn ni mo lọ kọ́ ní Ìbàdàn. Ẹ bi mí nígbà náà bóyá wọ́n ń sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń san án, Bàbá.

Ọkùnrin òṣèlú kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní Ìfàkì. Àwọn olùkọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló sì kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ayébọ̀dé, ó di kòkó, ó tún ń fi èdè ìlú wa pè é ní ulé wa, uṣẹ́ wa. N kò bá a wí. Ẹni tó bá fẹ́ kí a gbọ́ òun yóò wá ohun tó ká wa lára.

Àmọ́ nígbà tó kan Màmá àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn, tí wọn kì í ṣe ohunkóhun láìgbọ́ tẹnu Màmá, ó ní ẹ ti ṣèlérí ìbò ilé yín fún òun kí ẹ tó kú. Màmá bú sẹ́kún.

"Bí ọkọ mi bá ti wí bẹ́ẹ̀, ta ni èmi?"

Mo rí i pé ìbò gbogbo wọn fẹ́ bá ẹkún yẹn lọ. Mo dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bẹ Bàbá mi, kí ni wọ́n wí?"

"Há! Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀!"

Lójú ẹsẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin, tí ẹ kò lè yá aládùúgbò lọ́kọ́ láìkọ́kọ́ sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná? Àbúrò yín obìnrin ló kọ́kọ́ pariwo ẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà? Wọ́n wá fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ ìyàwó sá lọ!"

Gbogbo àwùjọ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rọra yíjú sí Màmá, ó ní kí ó fún òun lésì. Màmá nu ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná."

Ṣé ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣèlú ọkùnrin yẹn? N kò mọ̀. Lọ́jọ́ ìbò, kálukú àwọn obìnrin náà lọ dá tirẹ̀ dì. Mo bi Màmá ẹni tó dìbò fún, ó kàn rẹ́rìn-ín. Àbí ẹ̀yin nìkan ló sọ fún?

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń fẹ́ gbọ́ ohùn yín láàárọ̀.