Oríkì Ọmọ Tó Sọnù Lọ́wọ́ Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Èyítáyọ̀ Fọ́tò,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Òmù-Àrán,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, 2025.

Inúmidùn, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé ẹsẹ̀ tó wú yẹn ti ń lọ sílẹ̀? Dámilọ́lá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ọbẹ̀ oníyọ̀ rẹ̀ náà lo ṣì ń fara dà ní Kàlàbá níbẹ̀? Ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Ẹ kú àmúmọ́ra ọ̀fọ̀ Màmá yín. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.

Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Bí o bá ti ní "Táyọ̀, ọ̀rẹ́ mi" báyìí, ọ̀rọ̀ òjò àti iṣu ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú náà gan-an ni mi ò ní láti fi wò ọ́, ni mo ṣe mú bírò.

Ẹ̀bùn Màmá tí o ń bi mí léèrè, fídíò ni. Nínú oṣù kejì, nígbà tí dókítà ní o kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò, tí Màmá sì ti mọ̀ pé ara àwọn ò gbé e mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Èsìẹ́ pé kí n gbé kámẹ́rà dání. Oríkì ọmọ rẹ ni wọ́n fẹ́ sọ sínú rẹ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. O mọ ilé yín: ará ìta kì í gbọ́ oríkì ọmọ kí ìyá ọmọ tó gbọ́ ọ. Bí mo ṣe tan kámẹ́rà, wọ́n ní, "Èyítáyọ̀, bọ́ síta ná. Ọjọ́ tó bá bí i ni kó o fún un." Mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yín títí wọ́n fi pè mí wọlé.

Mo kó o sínú kọ̀m̀pútà ṣọ́ọ̀bù, mo sì pa ti inú kámẹ́rà rẹ́ nítorí iṣẹ́ ìgbéyàwó ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì ṣí i, mo kọ "Àwòrán Tó Bàjẹ́" sára fáìlì náà. Èmi náà ò ṣí i. Ọlọ́run gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo ra ojú kọ̀m̀pútà kejì, kí n máa wo iṣẹ́ lójú kan, kí oníbàárà máa wo ojú kejì. Mo ra gíráfíìsì káàdì mọ́ ọn, èyí tó máa ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ. Wàhálà dé. Bí ọ̀kan bá tàn, èkejì á ṣókùnkùn. Nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì á máa ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀rọ á sì kú. Àṣé ẹ̀rọ náà ti ní ohun tó ń gbé àwòrán fún un tẹ́lẹ̀, òun àti káàdì tuntun sì ń jà bí ìyáálé àti ìyàwó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń tú u tí mo ń tò ó, tí àwọn oníbàárà ń pariwo lé mi lórí.

Jiya, tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ládùúgbò wa, ní ká pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ká tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti kó ti gbogbo oníbàárà. Mo rí "Àwòrán Tó Bàjẹ́", mo fojú fò ó. Ta ló ń kó àwòrán tó bàjẹ́ pamọ́? Mo fi nǹkan Màmá pamọ́ títí mo fi fi í pamọ́ fún ojú ara mi. Má bínú sí Jiya, èmi ni.

Ojú kejì ò kúkú tàn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Timothy àbúrò mi dé láti Ìgbàjà, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà, ó rí i pé wáyà ojú àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ihò àtijọ́. Ó yọ ọ́, ó sì tì í bọ ara káàdì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àwọn méjèèjì tàn yòò. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti rántí fídíò Màmá. Inúmidùn, mo ké débi pé Fulera, aránṣọ òdìkejì wa, sá wọlé tòun ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ohun tó pa rẹ́ jáde ní Ìlọrin. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí yọ: Màmá ń tún gèlè wọn wé, wọ́n ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ti ń gbọ́ àwọn. Ibẹ̀ ló ti gé. Ó wà nínú fíláàṣì tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ohùn wọn já gaara níbẹ̀, má dá wò ó.

Mi ò ní kí o dárí jì mí kíákíá. Ọ̀fọ̀ kejì ni mo kó bá ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí wọ eegun.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí Èsìẹ́ láti sọ fún Bàbá yín. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi ní àwọn ò bi mí ní oríkì ọmọ o, ẹnu rẹ làwọn ti fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí aya àwọn sọ láyé làwọn ti gbọ́ tán, èyí nìkan ló kù, òun làwọn sì ń dúró dè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ iṣu tí wọ́n fún mi, mo padà sílé láìsọ ọ́ fún wọn.

Bá mi kí Dámilọ́lá. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ọjọ́ tí o bá bímọ, Bàbá á pè ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè ọ́. Mi ò mọ ohun tí o máa sọ fún wọn.

Èmi tí ojú ń tì, tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,

Èyítáyọ̀.