Ṣúgà Inú Fìlà Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo kí ọ kú ọ̀nà jíjìn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ò fìyà jẹ ọ́? Ọwọ́ rẹ ò ní rọ, ibi tí o bá ń lọ ni wàá dé, ibi tí o bá sì dé, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n á fi gbà ọ́. Àmín. Èmi náà wà, mo ń mí.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níwájú yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé, aago mẹ́wàá ti kọjá báyìí, kò sì sẹ́ni tó jáde wá sọ nǹkan kan. Bẹ́ǹṣì náà ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, káfíńtà ẹgbẹ́ mi tó kàn án ò ṣe dáadáa rárá, mo ti ká páálí sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé o ra fóònù fún mi, àmọ́ ìgbàkigbà tí o bá pè, ó dára ni mo máa ń sọ, nítorí ohùn rẹ máa ń jáde débi pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń gbọ́. Obìnrin tó ń gbé inú fóònù náà tún wà níbẹ̀, èyí tó máa ń sọ pé owó mi ti tán. Kò sí ọ̀rọ̀ wa tí kì í gbọ́, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ èyí.

O rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ, tí kò sí aránṣọ tó mọ abẹ́rẹ́ lò bíi tirẹ̀, ló dédé ń rán apá òsì méjì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Láàárọ̀ tí kò bá tíì jẹun, á máa làágùn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ, àwọn oníbàárà ní ó ti ń mutí. Ìgbà tó rán ọrùn aṣọ ìyàwó pásítọ̀ pa, tí orí ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ni mo lọ bá tíṣà àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà ní àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ọmọ mi, mo kan àpótí, mo kó gbogbo ṣúgà ilé sínú rẹ̀, mo fi àgádágodo tì í, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò mi. Ìyá rẹ á máa bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní tíì tó dùn, mo máa ń ní rárá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi ìfẹ́ pa á lọ.

Ìgbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní òdì kejì ni ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kúkurú kan ni, ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó ní ẹ̀yà ara kan wà tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, tí wọ́n ń pè ní páńkíríásì, kókó kan ti hù níbẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ló ń tú oje jáde ṣáá tó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tí mo tì pa gan-an ni ìyá rẹ fi ń wà láàyè. Ó ní kókó yìí ṣọ̀wọ́n, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni mẹ́rin péré lòun tíì rí. Mo ní ẹ kú oríire. Ó tẹjú mọ́ ìwé tó ń kọ.

Àmọ́ kó tó lè là á, ó fẹ́ rí i dájú. Wọ́n ní kí ìyá rẹ má jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan ni kó máa mu, kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bí ṣúgà á ṣe máa já wálẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣé èyí tí mo fojú ẹ̀ rí nílé ò tó ni? Mo lọ ra ṣúgà oníhóró, mo tò ó sínú ìṣẹ́po fìlà mi, bí nọ́ọ̀sì bá ti yíjú, mo máa ń ti hóró kan bọ abẹ́ ahọ́n ìyá rẹ. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté pe ológbò níjà. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, dókítà wo ìwé títí, ó ní ṣúgà ò já, ó jọ pé òun ti ṣì í, òun ò lè la ikùn ẹni tí ara rẹ̀ yá, kí n máa mú ìyàwó mi lọ sílé. Inú mi dùn! Mo rò pé mo ti wò ó sàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló bi mí pé kí ló dé tí èèrà fi tò lórí ìrọ̀rí ìyàwó mi. Mo fojú tẹ̀ lé wọn, láti ìrọ̀rí dé àga mi, láti àga mi dé ọrùn mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ṣúgà inú fìlà mi ló ba àyẹ̀wò náà jẹ́, pé tí mo bá gbé ìyá rẹ lọ sílé, kókó náà á bá wa lọ. Mo wọlé tọ dókítà, mo ṣí fìlà, hóró ṣúgà mẹ́fà dà sórí tábìlì rẹ̀. Mo rò pé á lé mi. Ńṣe ló bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jókòó, ó ní, bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, ó kù díẹ̀ kí ẹ gbé ikú lọ sílé.

Wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n gba fìlà mi. Kò tiẹ̀ tó ọjọ́ kan. Lọ́sàn-án, ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó wò mí, ó ní, alàgbà, kí lẹ fẹ́ rán? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, ó ń bi mí pé ṣé ṣòkòtò ni àbí ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì ni. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí wọ́n má baà ṣe nǹkan kan, mo ń sunkún bí ọmọdé. Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ tán ni wọ́n fa ṣúgà sí i nínú iṣan, ó sì bi mí pé kí ni mò ń sunkún sí.

Lánàá, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dà, oje ẹ̀yà ara yẹn lè máa jò sínú ikùn, ibà lè dé, ikú lè dé. Mo yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí mi, mo fagi lé ikú, mo fagi lé ẹ̀jẹ̀, mo fagi lé oje, mo fi ibà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé mo le jù. Dókítà ní kì í ṣe ọjà tí a ń ṣà, gbogbo rẹ̀ ló lè ṣẹlẹ̀, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà nítòsí ibi tí kókó náà wà. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Mo fọwọ́ sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí títí di ìsinsìnyí.

Mo fi bírò sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn nítorí ilẹ̀kùn ṣí. Aago kan ti lù nígbà náà. Dókítà jáde pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ewé lórí, mo sì bi í bóyá òun náà kó nǹkan sínú tirẹ̀, ẹ̀rù ló mú mi sọ ọ́. Ó ní ìka lòun fi wá kókó náà kàn, ó ti jáde, ṣúgà ìyá rẹ sì ti ń gòkè fúnra rẹ̀. Ó ní kí n má tíì jó, wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ márùn-ún bóyá oje á jò.

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ìyá rẹ lajú díẹ̀, ó wò mí, ó ní, káfíńtà, kọ́kọ́rọ́ dà? Mo tú u lára okùn ṣòkòtò mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì rò pé ṣúgà ni mo tún ń fún un, ó sáré wá pé kò gbọdọ̀ lá a o. Mo ní kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣí nǹkan kan. Ìyá rẹ di ọwọ́ mọ́ ọn, ó sì sùn lọ.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Báǹkì ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́, wọ́n ń pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n, mo fèsì mo dúpẹ́ títí, wọn ò fi kọ́bọ̀ sí i. Kí ti ọkọ̀ wà níbẹ̀, má sì fi ti ẹnì kan ránṣẹ́ o. Ẹni méjì la wá, ẹni méjì la ó padà.

Ọlọ́run á dá ọ sí, o ò ní fi ìfẹ́ ṣe ẹni tó o fẹ́ràn ní ibi.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tún ní ti ṣúgà pa mọ́ láyé.