Bí Mo Ṣe To Àwọn Fáìlì Yín ní Lapaz

Bàámi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Àwa náà ń bẹ láàyè, bí kò tilẹ̀ dùn. Onílé ti fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín ní Lapaz, Ẹ̀gbọ́n Sàlísù sì ti rí obìnrin kan ní Kaneshie tó máa ra kọ̀ǹpútà yín. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá gbé e, Ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó tó dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ to àwọn fáìlì ibẹ̀ ná, kí iṣẹ́ oníbàárà má baà ṣègbé. Ìyẹn nìkan kọ́ o, Bàámi. Ohun tí mò ń wá gan-an ni ọ̀rọ̀ kan, ì báà ṣe ìlà kan, tí ẹ kọ sí mi. Gbogbo Lapaz lẹ bá tẹ lẹ́tà, sí ọkọ, sí ọ̀gá, sí àna. Èmi ọmọ yín, torí pé inú ilé kan náà là ń gbé, ẹ ò kọ nǹkan kan sí mi rí.

Èèpo ẹ̀pà yín ṣì wà láàárín àwọn bọ́tìnì kíbọọ̀dù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, irú orúkọ wo lẹ̀ ń sọ fáìlì? Lẹ́tà. Lẹ́tà tuntun. Lẹ́tà tuntun gan-an. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Háà! Mo ṣí èyí tó ń jẹ́ “Ẹ má fọwọ́ kàn án”, ètò ìsìnkú bàbá apẹja kan ní Jamestown ló wà níbẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo yíjú sẹ́yìn kí n lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, àga yín nìkan ni mo rí. Ta ni mo fẹ́ máa bá ṣeré báyìí?

Nígbà tí orúkọ kò ti wúlò, inú fáìlì ni mo ní láti máa yẹ̀ wò. Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì, tí kò yé yín títí ẹ fi lọ? Bó ṣe rí nìyí: mo máa ń to àṣẹ sínú fáìlì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa tẹ̀ lé wọn níkọ̀ọ̀kan. Script là ń pè é. Àṣẹ kan ń jẹ́ grep, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo inú fáìlì bóyá ọ̀rọ̀ tí mo fún un wà níbẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ mv, òun ló ń gbé fáìlì láti ibì kan lọ síbòmíràn. Tí grep bá rí “funeral”, mv á gbé e sí fódà ìsìnkú. Tó bá rí “application”, ó di fódà ìwáṣẹ́. Èyí tí kò bá ní ìkankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ mi, fódà tí mo pè ní pàǹtí ló ń lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Ẹ̀yin ì bá máa tò ó títí di ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó sì máa bú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá fún grep ní orúkọ mi, Rúkáyá. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ló gbé wá, àti ìwé tí ẹ fi tọrọ àyè fún mi nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ó tán. Mo sunkún, Bàámi, mo tilẹ̀ bínú sí yín. Àǹtí Dédé tó ń ta kẹ́ńkẹ́ àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín gbé oúnjẹ wọlé, ó ń fi èdè Gà rọ̀ mí kí n jẹun. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ti tẹ àṣẹ tó máa pa pàǹtí rẹ́, ó ku bọ́tìnì kan péré. Nígbà náà ni Alájì tó ń ta táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, tó ń kígbe Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́, bíi pé ọmọ ọ̀hún dití. Mo ká ọwọ́ kúrò. Ṣé orí mi pé báyìí? Ìgbà wo lẹ pè mí ní Rúkáyá rí, àfi ọjọ́ tí mo bá dáràn? Ìyá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà kì í sì í pe oríkì mi. Ará ọ́fíìsì ò mọ̀ pé mo ní ọ̀kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mo fún grep ní oríkì náà láìfi àmì sí i, bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀wé, mo sì rán an lọ sínú pàǹtí. Ojú kọ̀ǹpútà kún bámú. Kì í ṣe lẹ́tà o. Fáìlì kéékèèké ni gbogbo wọn, ìlà kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Abeke. Abeke mi. Abeke, jade wa. Mo wò ó títí kó tó yé mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi yíǹkì tuntun sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kan láti fi dán an wò. A, B, D làwọn ẹlòmíràn ń tẹ̀. Èmi lẹ̀ ń tẹ̀, tí ẹ sì ń fi pamọ́, láti ìgbà tí mo wà ní kékeré títí àìsàn fi dé. Kí ló dé tí ẹ ò fi ọ̀kan hàn mí? Àbí ẹ rò pé mo mọ̀ ni?

Mo gbé gbogbo wọn sórí fláàṣì mi. Mo wá tẹ ọ̀kan jáde. Yíǹkì ti fẹ́ẹ̀ tán, síbẹ̀ ó ṣeé kà. Bí ojú mi ṣe kan bébà náà, n kò mọ ìgbà tí mo dáhùn sókè: Sà! Àǹtí Dédé yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá ẹni tó pè mí.

Ọmọ yín obìnrin,
tí àárò yín ń sọ gidigidi.