Nítorí Iníolúwa àti Àlejò Inú Àgò

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà. Èmi Wálé yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ Midrand níbí, ilẹ̀ tó tutù débi pé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni mò ń kí, mi ò bá ti dìde. Mo kí Bùọ̀dá Àgbà àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Ṣadé tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, kódà níbi tí mo bá ti ń bá Màámi jiyàn. Fúnkẹ́ ìyàwó yín wà lórí ìkúnlẹ̀, Iníolúwa náà sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màámi, iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi ti dé. Ẹ ní bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi báyìí, kí n fi Iníolúwa sínú ọkọ̀ òfurufú, kí n dá a padà fún yín ní Iléṣà. Ẹ ní ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í jẹun tán, tí olùkọ́ ń pè wá lé lórí, ibẹ̀ yẹn ò bá a lára mu ni. Ẹ ní Bùnmi àbúrò mi kò fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ láyé kí n wá fi í ṣòfò nílẹ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, títí ẹ̀yin fúnra yín fi ní ẹsẹ̀ yín ò gbé sísáré tẹ̀lé ọmọ mọ́, nítorí náà ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá a padà. Mo sì ń kọ ìdí rẹ̀ síta gbangba, nítorí a pọ̀ níbí tí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sí, tí a rò pé a mọ bí a ṣe ń gbà á.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Orí òrùlé ni mo ṣì ń gùn, tí mò ń to páńẹ́lì iná oòrùn fún àwọn tí ọ̀rọ̀ iná ìjọba ti sú. Òtútù ibí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ yín. Bí mo bá di irin mú láàárọ̀, ó máa ń dà bíi pé irin náà ló di èmi mú. Nínú ẹ́sítéètì wa, odi ga, sẹ́kúríítì wà lẹ́nu géètì, ènìyàn sì lè pẹ́ níbẹ̀ láìmọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri. Inú odi yẹn ni mo mú ọmọ tó dàgbà sí àgbàlá yín wá, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti ń pè é ní ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àlejò wa. Hámístà ni wọ́n ń pè é. Ó kéré bí ọwọ́ ọmọdé tí wọ́n pa dé, irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi, ìrù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kì í ṣe èkúté ilé, kì í sì í ṣe òkété. Àǹtí Ṣadé, ẹ bá mi sọ fún Màámi kí wọ́n má tíì lọ ata.

Ilé kan wà nítòsí wa tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko tí àwọn tó ni wọ́n ti já sílẹ̀. Wọ́n pè mí pé kí n wá fi páńẹ́lì sí òrùlé wọn. Sátidé ni, Fúnkẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, mo bá mú Iníolúwa dání. Gbogbo àkókò tí mo fi wà lókè, iwájú àgò kan ló jókòó sí. Obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, Súlù ni, Sis Thandi ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó ní àwọn ayálégbé kan ní Doornfontein ló kó jáde tí wọ́n fi hámístà náà sílẹ̀ nínú yàrá òfìfo láìsí omi. Ó ní láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí i, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ń kó irinṣẹ́ mi, Iníolúwa di àgò náà mú, ó sì bi mí ní òyìnbó bóyá ó lè bá wa lọ sílé. Màámi, láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí, kódà omi. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn kó ní rárá?

Sis Thandi kìlọ̀ fún wa. Ó ní kí a gbé àgò náà sí kọ̀rọ̀ tí kò sí ariwo, kí a fi aṣọ bo apá kan rẹ̀, kí a gbé oúnjẹ àti omi sílẹ̀, kí a sì máa bá tiwa lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá wá síbi ọwọ́. Mo ní shap bí àwọn ará ibí, ó ti yé mi. Irọ́ ni mo pa, kò yé mi.

Kò lè yé mi, Màámi, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í gba àlejò bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe délé, Fúnkẹ́ ní àlejò kì í sùn sí ìdọ̀tí. Ó darí ẹranko náà sínú korobá, ó da gbogbo ohun tó wà nínú àgò náà nù, àwọn bébà tí ẹranko náà ti ya wẹ́wẹ́ àti èèrún igi tó ń sùn lé. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àgò náà, ó sá a sóòrùn títí ó fi ń dán. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ará ìjọ yà wá kí wa lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ síbi àgò, wọ́n ń kí i káàbọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi, kí ẹnu àlejò má baà gbẹ, mo fi dòdò sí i níwájú. Ìyá Ìjọ wa sọ ọ́ ní Ayọ̀délé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ojú ẹni tí à ń sọ lórúkọ. Ẹranko náà ń sá yípo bí ẹni tí ilé ń jó mọ́, ó há sí igun, ó ń han. Ìyá Ìjọ fi ìka kan án láti tù ú nínú, ó sì gé wọn jẹ. Wọ́n ní èyí kì í ṣe ojú lásán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Iníolúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Láti ọjọ́ náà, hámístà wa ò jẹ, kò mu. Nígbà tí ẹ̀rù bà mí, mo pe Sis Thandi, mo sì gbé ohùn fóònù síta kí Iníolúwa lè gbọ́. Ó kọ́kọ́ ní eish, bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó wá béèrè bóyá a fọ àgò náà. Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn pé a fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òórùn ni ẹranko yẹn fi mọ ilé. Ó ní nínú gbogbo ohun tó ní tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó dọ̀tí yẹn nìkan ló kù ú kù, a sì ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ.

Iníolúwa ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú lọ. Ó ní bí ìró Màámi ni.

Ẹ rántí ìró yẹn, èyí aláwọ̀ ewé tí ẹ tú ní ìdí yín tí ẹ fi bò ó léjìká ní pápákọ̀ òfurufú. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, Fúnkẹ́ kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú ọṣẹ olóòórùn dídùn, tìrótìró. Ọmọ náà sunkún títí oorun fi gbé e lọ. A ní ilé ló ń rò. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ará ìjọ kún ilé láti kí i, tí a ní kó kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn, tí wọ́n ń gbá a mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bi í bó ṣe ń ṣe. Kò sí ẹni tó ṣe ibi. Ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe fún àlejò la ṣe.

Màámi, ẹ má bínú pé mo fi ọmọ-ọmọ yín wé ẹran inú àgò. Òun ló kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ wé e.

Mo wo Fúnkẹ́. Ó jáde síta, ó lọ tú ọ̀rá ìdọ̀tí tí àwọn akólẹ̀ ò tíì wá gbé. Nọ́ọ̀sì tó kórìíra ìdọ̀tí bí ikú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èèrún igi náà padà fún ọmọ. Mo wá bẹ àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé wa sinmi díẹ̀. Ìyá Ìjọ bínú, wọ́n ní ilẹ̀ yìí ti sọ mí di òyìnbó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Iníolúwa ló wá gba ìtọ́jú náà. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ bo àgò, ẹranko náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lóru. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pè é ní Ayọ̀délé mọ́, pé ó ti ní orúkọ níbi tó ti ń bọ̀, àwa la ò mọ̀ ọ́n. Lálaalẹ́, bó bá ti ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé tán, yóò jókòó tì í, yóò kọ ẹ̀yìn sí i kó má baà rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun, yóò sì máa kàwé jẹ́jẹ́. Nígbà tí ìwé sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ tí ẹ kọ́ ọ, ní Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Màámi, èmi àti Fúnkẹ́ pa omi ẹ̀rọ nínú kíṣìnì kí a lè gbọ́ ọ. A ò mọ̀ pé ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Mo sunkún, mi ò purọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ náà le. Ìgbà kan tó ti ń yọ imú síta, aago ìdágìrì ilé kejì ké, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iníolúwa ò bínú. Ó kàn ń na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú hóró kan lórí rẹ̀, bó bá rẹ̀ ẹ́, yóò pààrọ̀ ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹranko náà jáde, ó gun ọwọ́ rẹ̀, ó ki hóró bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì sá padà. Iníolúwa ò pariwo. Ó rọra wá bá wa nínú kíṣìnì, ó ní ó ti wá. Lẹ́yìn náà ló ní kí Fúnkẹ́ bu ìrẹsì kún tòun.

Mi ò ní tàn yín. Iníolúwa ṣì máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nígbà míì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣì wọ́n ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó padà wá, mo sì bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ó ní ó wu òun kí òun rí yín, pé ó wu òun lójoojúmọ́. Ó wá ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ òórùn ibì kan, kí wọ́n má tún gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí kí n bá òun bẹ̀ yín fún nǹkan kan.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa ń bọ̀ nílé, yóò yà kí yín ní Iléṣà. Nǹkan díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oògùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìró kan rán an sí wa. Kì í ṣe tuntun. Èyí tí ẹ fi ń dáná ni, èyí tí èéfín ti wọ̀, tí òrí tí ẹ fi ń pa ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú á tì yín láti fi aṣọ bẹ́ẹ̀ rán ènìyàn.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Màámi. Kí ẹsẹ̀ yín le, kí ojú yín rí Iníolúwa nígbà tó bá ga jù mí lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àgbàlá, tọmọdé tàgbà. Àǹtí Ṣadé, mo mọ ọwọ́ yín, ẹ má bá wọn fọ̀ ọ́ o.

Èmi ni ọmọ yín,
Wálé